Ìdagẹ̀rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ kòtò omi
Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kòtò tí yóò fa omi òjò kúrò lágbàlá, kí ẹ tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dúró sínú òjò kan. Èmi dúró, mo rí i pé ẹ̀yìn ilé ìdáná ni omi ń dárogún sí, kì í ṣe ibi tí mo rò. Ibẹ̀ ni mo ti gbẹ́ kòtò lọ síbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ (kì í ṣe sọ́dọ̀ aládùúgbò o!). Ní mítà kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 1 rẹlẹ̀ sí i. Omi inú rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara ni mo fi wọn ìdagẹ̀rẹ̀ náà, bíi ti bíríkìlà. Nínú kòtò náà, ẹ tẹ́ aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ gbé páìpù oníhò lé e, kí ihò kọjú sílẹ̀. Ẹ tún da òkúta lé e, kí ẹ wá ká aṣọ náà bò ó. Nígbà àkọ́kọ́, mi ò lo aṣọ; ẹrẹ̀ dí páìpù mi pa.