Ẹ má sun koríko oko yín mọ́
Ẹ̀yin àgbẹ̀ Àkúrẹ́, tẹ́ ẹ bá ṣánko tán ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sun ún, ó máa ń dùn mí tí mo bá rí iná lọ́nà Ìdànrè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí kábọ́ọ̀nù inú koríko, èròjà inú ohun abẹ̀mí tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, ló ń bá èéfín lọ. Ẹ tẹ́ koríko náà sáàárín ebè, àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò rí á jẹ ẹ́, wọ́n á mí èyí tó pọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jáde, àmọ́ tí wọ́n bá kú òkú wọn á lẹ̀ mọ́ amọ̀, kábọ́ọ̀nù tó kù á sì pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ ṣí ewé kòkó tó ń jẹrà wò, nǹkan funfun bí òwú yẹn, ara olú ni, iṣẹ́ ló ń ṣe o, ó ń jẹ ewé náà di ilẹ̀! Ẹ má fi katakata tú ilẹ̀ léraléra, kó má bàa já a. Ẹ gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo kílẹ̀ má wà ní ìhòòhò.