"Lead": Ìgbà Wo Ni Òjé, Ìgbà Wo Ni Aṣíwájú?

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́rin kan náà, l-e-a-d, la fi ń kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n. Èkíní ni òjé, irin rírọ̀ tó wúwo, irú èyí tí àwọn olóòṣà Ọbàtálá ń fi sọ́wọ́. Ìró "ẹ" inú "ẹsẹ̀" ni kí ẹ fi pè é: lẹd. Èkejì ni kí èèyàn ṣíwájú, kó darí ẹlòmíràn. Ìró "i" inú "igi" ni tirẹ̀, kí ẹ sì fà á: líìd.

Ìró méjèèjì kò ṣàjèjì sí ahọ́n Yorùbá. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni "d" ìparí. Kọ́ńsónáǹtì báyìí kì í parí ọ̀rọ̀ ní èdè wa, nítorí náà a máa ń fi "i" tì í lẹ́yìn, á sì di "lẹ́ẹ̀dì". Ẹ fi orí ahọ́n kan èrìgì òkè, lẹ́yìn eyín, kí ẹ sì dá ohùn dúró síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ gígùn náà pẹ̀lú: bí ẹ bá ké líìd kúrú, ẹni tó ń gbọ́ yóò rò pé "lid", ọmọrí ìkòkò, lẹ ń sọ.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "lēad" ni òjé, "lǣdan" sì ni kí a darí èèyàn. Inú ẹbí "lǣdan" yìí ni "load" ti wá, òun náà sì ni "leiten" ti àwọn ará Jámánì bá tan. Ìró méjèèjì gùn nígbà náà. Nígbà tó yá, ti òjé kúrú níwájú "d", bó ṣe rí fún "head", "dead" àti "bread". Ti èkejì gùn síbẹ̀, nígbà tí àwọn fáwẹ́ẹ̀lì gígùn Gẹ̀ẹ́sì sì ń gòkè lẹ́nu, láàárín nǹkan bí ọdún 1400 sí 1700, ó bá wọn lọ, ó di "i". Ìpè yí padà, sípẹ́lì kò yí.

Bí ẹ bá bá a pàdé nínú ìwé, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn "will", "can" tàbí "must", líìd ni. "To" kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó bẹ́ẹ̀: líìd ló wà nínú "ready to lead", ṣùgbọ́n lẹd ló wà nínú "exposed to lead", torí òjé ló ń bá ara onítọ̀hún jà. Nítorí náà, ẹ bi ara yín bóyá ohun tí wọ́n ń sọ ṣeé yọ́ lórí iná. Bó bá ṣeé yọ́, lẹd ni: "lead pipe", "lead paint", "lead-acid battery" tó wà nínú mọ́tò, àti "lead poisoning" tó pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010 níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Bó bá jẹ́ ipò tàbí iwájú ni, líìd ni: "lead singer", "lead pastor", "take the lead". Okùn ajá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, líìd ni.

Àwọn tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe ni ọ̀rọ̀ yìí ń dán wò jù. Lẹd ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, ó sì tọ́, torí tánńganran 60 sí òjé 40 ni irú tó wọ́pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n wáyà pupa àti dúdú ara mítà, "test leads", líìd ni. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó yọ lára resistor, ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù nínú rédíò, líìd náà ni. Ẹ ó wá fi lẹd jó líìd mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí olùkọ́ bá pe méjèèjì bákan náà, ọmọṣẹ́ kò ní mọ èyí tí yóò mú.

Ti pẹ́ńsù yàtọ̀ díẹ̀. Lẹd ni, bẹ́ẹ̀ òjé kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí graphite, ohun dúdú tó ń kọ̀wé nínú pẹ́ńsù, ní Borrowdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, wọ́n rò pé òjé dúdú ni, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé, "leading", àlàfo àárín ìlà, lẹd ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí pẹlẹbẹ òjé ni wọ́n ń kì sí àárín ìlà láyé àtijọ́.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù wà nínú kíkọ. Bí ìdarí náà bá ti kọjá, "led" ni kí ẹ kọ, láìsí "a": "She led the choir yesterday." "Read" ló ń ṣì wá lọ́nà, torí sípẹ́lì tirẹ̀ kì í yí bó bá ti kọjá. "Mislead" náà ń di "misled". "Mis" ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí "led" tó tẹ̀ lé e.