Epo bẹntiróò tó jóná lórí photon

Owó epo tí jẹnẹrétọ̀ mi mu lórí iṣẹ́ yìí ṣì ń dùn mí wọra. Ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìkàwé. Gíwá wọn ní kí n fi hàn wọ́n, kó tó di Ojúde Ọba, bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣe máa dé orí tábìlì. Wọ́n fẹ́ pẹpẹ dígí lẹ́nu fèrèsé tí yóò máa ta oòrùn sókè àjà. Radiance, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ inú ilé, ni mo fi ṣe é. Ojú olùwòran ló ti máa ń tọpa ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn, nítorí náà, èyí tí dígí bá ta sókè máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Photon mapping tí Roland Schregle ṣe kún un ló ń tú photon, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké, láti ọ̀dọ̀ oòrùn fúnra rẹ̀.

Àṣẹ méjì inú Radiance ló ń ṣe é: mkpmap ń kó photon jọ, rpict ń ya àwòrán. Ìyẹn kò le.

Àwòrán jáde: apá ìwọ̀ oòrùn mọ́ kedere, apá ìlà oòrùn ṣókùnkùn, ó rí tóótòòtó bí ara ẹtù. Gbogbo ẹni tí mo bi, "Fi kún photon" ni wọ́n ń wí. Mo gbé -apg, iye photon tí mkpmap ń kó jọ, láti 200000 dé 2000000. Kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ hó títí ilẹ̀ fi mọ́, apá tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ló tún jọ̀lọ̀ sí i! Mo gbé bandwidth, iye photon tí rpict ń pò pọ̀ lójú kan, kúrò ní 50 sókè. Tóótòòtó náà parẹ́, òjìji tábìlì bá a lọ.

-ab -1, tí mo fi kún àṣẹ rpict, ló tú àṣírí. Ó ń fi photon tó balẹ̀ hàn ní tààrà, ilẹ̀ abẹ́ àwọn fèrèsé ìlà oòrùn sì gbófo. Mo ṣí fáìlì fèrèsé tí ayàwòrán ilé fi ránṣẹ́. Pátákó ojú fèrèsé tí a fi -apo sọ fún mkpmap pé kó lò bí ẹnu-ọ̀nà photon gbọ́dọ̀ kọjú sínú yàrá. Bí igun rẹ̀ ṣe tò ni Radiance fi ń mọ ojú rẹ̀: bí o bá dúró níwájú rẹ̀, kí àwọn igun náà yí lòdì sí ọwọ́ aago. Ayàwòrán ilé náà ti to ti ìlà oòrùn sódì, ìta ni àwọn pátákó yẹn ń da photon sí. Mo yí ìlà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, mo tún fi oconv, àṣẹ tó ń pa fáìlì ilé pọ̀ fún Radiance, ṣe é. Pẹ̀lú 200000 péré, gbọ̀ngàn mọ́ láti ògiri dé ògiri, pẹpẹ dígí ń ta oòrùn sájà bó ṣe yẹ. Orí mi wú.

Kí o tó ra epo, kọ́kọ́ fi photon díẹ̀ àti -ab -1 wò ó. Bí abẹ́ fèrèsé kan bá gbófo, má fi òdo kan kún -apg. Fáìlì fèrèsé yẹn ni kí o ṣí.