Bí a ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ láti sọ ìtàn tiwọn lórí ayélujára nígbà omíyalé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ fún iṣẹ́ ìrànwọ́, yálà ti Red Cross ni o, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sáláṣí tàbí ti landlord àdúgbò, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. A máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn jáde nínú omi, a máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́, àmọ́ fóònù tó wà lápò wọn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní tìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà yọ tí omi bá dé.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ̀rọ̀ "omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù" ti Ògùnpa, August 31, 1980. Èyí tójú tèmi rí ni ti August 26, 2011, òjò ọjọ́ kan péré, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ, afárá já káàkiri ìlú. Nígbà yẹn fóònù tó ń ya fídíò ò tíì pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi gba Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger ní ìparí May 2025, tí èèyàn tó lé ní 200 kú, kò pẹ́ rárá tí fídíò fi kún orí fóònù gbogbo wa, ẹni tó ń wá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ yẹn nínú ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń kọ́ wọn, ibẹ̀ ni gbogbo yòókù ti ń jáde: ìtàn tìẹ ni kó o sọ. Ohun tójú ẹ rí, ohun tọ́wọ́ ẹ ṣe. Ìtàn ẹni tómi gbé ilé ẹ̀ lọ, òun ló ni ín.

Ìdí tí mo fi le lórí ẹ̀ rèé. Ọmọkùnrin kan wà nínú tíìmù wa nígbà kan, ọmọ dáadáa, kò sùn lóru ọjọ́ náà, ó gbé ìyá àgbàlagbà kan kọjá omi, ẹlòmíì sì ya wọ́n ní fọ́tò, aṣọ ti já lára màmá, wọ́n dákú. Ọmọ náà gbé e sí Facebook, ó kọ ọ́ pé "ẹ gbàdúrà fún wa". Àwọn ọmọ màmá wà nílùú míì, orí Facebook ni wọ́n ti rí ìyá wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé màmá ti kú, wọ́n ti ń pe ẹbí jọ, bẹ́ẹ̀ màmá ti jí, wọ́n ń mu ògì lọ́wọ́. Kò sí èébú tí wọn ò bú wa tán, wọn ò sì jẹ̀bi. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí mi ò kọ́ ọmọ yẹn.

Ẹ má dúró dìgbà tójò bá pọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. March tàbí April ló dáa, àsìkò tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, àti NIHSA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ odò àti omi, ti máa ń sọ bí òjò àti omi ọdún náà ṣe máa rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ẹ kó o sínú àpótí. Ẹ ní kí wọ́n jókòó ní méjì méjì, kí ọ̀kan sọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí tírélà ṣubú níwájú wọn, kí ìkejì wá tún un sọ fún gbogbo ilé. Ibi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ "wọ́n ní", ẹ pàtẹ́wọ́ kí wọ́n dúró. Ta ló ní? Ṣé o wà níbẹ̀? Ẹ máa rí i pé ìdajì ìtàn lè jẹ́ "wọ́n ní", ẹni tó ń sọ ọ́ ò sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò kéré o. Ẹ rántí August 2014, nígbà Ebola, tí ẹnì kan ní kéèyàn mu omi iyọ̀ kó sì fi wẹ̀ kí àrùn náà má bàa mú un, àárín òru ni wọ́n ń jí ara wọn, àwọn míì bára wọn ní ọsibítù. Kì í ṣe pé ará Nàìjíríà ya òmùgọ̀. Ẹni tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n fọkàn tán, ló fi ránṣẹ́ sí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ṣe máa wọ èèyàn létí tó bá wọ vest, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹ̀ sẹ́yìn ohun tí kò rí. Message tí WhatsApp bá fi ọfà méjì sí lórí, pé ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, kó má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé fóònù fún wọn, kẹ́ ẹ wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọjọ́ àti aago ló máa ń ṣíwájú, torí ohun tó jẹ́ òótọ́ láago mẹ́fà lè ti di irọ́ láago mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì ò ní rí i títí dọ̀la. Lẹ́yìn náà ibi tó o wà, ohun tó o rí, ohun tí ẹni tó ń kà á lè ṣe. Báyìí ló ṣe máa ń rí:

"Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Mo wà lẹ́bàá afárá ẹ̀yìn ọjà. Omi ti dé orúnkún mi, kò tíì dúró. Mo fẹ́ kọjá, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, ọ̀gá wa ló fà mí padà, àyà mi ṣì ń já báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gba ibí, ẹ gba òkè. Ẹni tí omi bá ká mọ́lé, ẹ pe 112. Mo máa tún kọ̀wé láago mẹ́jọ."

Ṣé ẹ rí "ẹsẹ̀ mi yẹ̀" yẹn? Òun ni kì í jẹ́ kí èèyàn gba ibẹ̀. Ìkìlọ̀ ìjọba wà, ó dáa, àmọ́ ẹni tó sọ pé ẹ̀rù bà á lèèyàn máa ń gbọ́ tiẹ̀ kíákíá. Tó bá sì ti ní òun á kọ̀wé láago mẹ́jọ, kó kọ ọ́ o, kódà kó jẹ́ "kò tíì sí àyípadà". Tó bá ṣàṣìṣe, kó má kàn yọ ọ́ kúrò lábẹ́lẹ̀, àwọn tó ti kà á ò ní mọ̀. Kó kọ ọ́ síta pé "ohun tí mo sọ láago mẹ́fà ò tọ̀nà, báyìí ló ṣe rí".

Yorùbá ni kí wọ́n kọ tàbí kí wọ́n sọ tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni. Voice note ìṣẹ́jú kan lédè wa, bàbá tí kò lè kàwé á gbọ́ ọ, kì í sì jẹ dátà bíi fídíò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dà rú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ náà, torí náà ọ̀rọ̀ kíkọ ṣáájú, fọ́tò tó bá yá. Power bank kó wà nínú ọ̀rá.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo máa ń lo odidi ọjọ́ kan lé lórí. Òkú, rárá. Ojú ọmọdé, rárá, kódà tí ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí aṣọ ò sí lára ẹ̀, rárá. Àgbàlagbà tó bá ní ẹ lè ya òun, ẹ kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ àti aṣọ gbígbẹ, kẹ́ ẹ tún wá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, torí ẹni tébi ń pa á ní bẹ́ẹ̀ ni sí ohunkóhun tí ẹni tó gbé búrẹ́dì dání bá bi í. Látọdún 1994 ni Red Cross àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti kọ ọ́ sínú òfin ìwà wọn pé ká máa fi ẹni tí àjálù bá hàn gẹ́gẹ́ bí èèyàn tó níyì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ọwọ́ ara wọn, bàtà tó kún fún ẹrẹ̀, ìlà omi lára ògiri.

Kẹ́ ẹ tó ya nǹkankan, ẹ pa location kúrò nínú kámẹ́rà. Fóònù máa ń kọ ibi tẹ́ ẹ wà sínú fọ́tò. WhatsApp máa ń yọ ọ́ tó bá jẹ́ fọ́tò lásán lẹ fi ránṣẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin míì wà ní ibùdó àwọn tí omi lé kúrò nílé tó jẹ́ pé ọkọ tó ń lù ú ló ń wá a. Olè sì wà tó fẹ́ mọ àdúgbò tí ilé ti ṣófo.

Owó ńkọ́? Òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà account sábẹ́ ìtàn ẹ̀, bó ti wù kí àánú ṣe é tó. Kò ní pẹ́ tí ẹlòmíì á fi da ìtàn yẹn kọ, tí á sì pààrọ̀ account. Ọ́fíìsì ni ká darí àwọn tó bá fẹ́ fowó ṣèrànwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí kálukú ní ẹnì kejì tó máa ka ìtàn ẹ̀ kó tó jáde. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni tiẹ̀: ṣé o rí i fúnra ẹ? Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹ̀ tí kò gbà? Ṣé tí màmá ẹ bá jẹ́ ẹni yìí, wà á fi síta? Tí ọ̀kan bá ṣe wọ́n bákan, ó di ọ̀la.

Ẹ má sì fipá mú ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n rí á mú wọn lọ́rùn, tí wọ́n bá kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọn ò ní sùn, wọ́n á máa ka kọ́mẹ́ǹtì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Irú wọn, ẹ fún wọn ní ìwé àti bírò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara wọn, kí wọ́n jẹun, kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́, ó dáa. Tí wọn ò fẹ́, ó dáa náà.

Tí omi bá ti lọ, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tẹ gbogbo ìtàn yẹn sórí ìwé, kẹ́ ẹ gbé e padà lọ sí àdúgbò náà, kẹ́ ẹ kà á sétí àwọn tó ń gbébẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ní "bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí", ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọdún tó ń bọ̀.