Rédà Ń Ṣọ́ Ògiri Kòtò, Ṣùgbọ́n Wákàtí Mélòó Ló Ń Wò Sẹ́yìn?

Àṣìṣe tí mo máa ń bá jù lọ nídìí rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò ṣọ́ bí ògiri kòtò ìwakùsà ṣe ń sún, nìyí: aago ìdágìrì ń ké lemọ́lemọ́ lóru, ó sú ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ló bá tún un tò kí ẹ̀rọ máa fi wákàtí 24 ṣírò bí ògiri ṣe ń yára sí. Ariwo dákẹ́ lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ ti tò ó pé kí aago ké bí ògiri bá ti ń sún tó mìlímítà 2 ní wákàtí kan. Ògiri dúró jẹ́ẹ́ láti àná, àfi wákàtí tó kọjá yìí tó sún mìlímítà 5. Ẹ̀rọ tó ń wo wákàtí kan sẹ́yìn á rí 5, á sì ké. Èyí tó ń wo wákàtí 24 á pín 5 yẹn sọ́nà 24, á rí nǹkan bíi 0.2, kò sì ní fọhùn. Kó tó ké, àfi kí ògiri ti sún mìlímítà 48. Àpáta líle lè má sún tó bẹ́ẹ̀ rárá kó tó já lulẹ̀.

Àwọn mìíràn sá fún èyí, wọ́n kó sí òdìkejì rẹ̀: ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa wò. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín rédà àti ògiri kì í dúró lójú kan. Bí oòrùn bá ń yọ tí ìrì ń gbẹ, rédà lè rò pé ògiri sún ìdajì mìlímítà, bẹ́ẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ìdajì mìlímítà ní ìṣẹ́jú 10, mìlímítà 3 ní wákàtí kan nìyẹn lójú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ wákàtí 2 ló ń wò, kò ní ju 0.25 lọ. Aago tó ń ké lásán láràárọ̀, àwọn awakọ̀ ò ní dá a lóhùn lọ́jọ́ tó bá ké tòótọ́.

Ẹ to méjì, ó kéré tán: wákàtí 1 tàbí 2 fún ògiri tó lè já lójijì, wákàtí 24 fún èyí tó ń fà díẹ̀díẹ̀. Kí kálukú ní òdiwọ̀n tirẹ̀.

Kí ẹ tó yan iye kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ kòtò pẹ̀lú aago ọwọ́. Ibì kan wà tí ìwé ètò ti ní ìṣẹ́jú 10 tó láti jáde. Mo dúró ti ẹni tó ń wa ẹ̀rọ: ó gbọ́ ìpè lórí rédíò, ó pa ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e. Ìṣẹ́jú 22 ló tó dé òkè. Ẹ ro ti rédà mọ́ ọn: bó bá ń fi ìṣẹ́jú 10 wo ògiri lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì ní kó rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó ké, ìṣẹ́jú 30 ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan.

Bí ẹ bá pa aago nítorí ẹ̀tù tí ẹ fẹ́ fi fọ́ àpáta, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa tan án padà àti àkókò tó máa tan án.

Àṣìṣe tó kù ni kí ògiri wó tán, kí ọkàn gbogbo èèyàn wá balẹ̀ pé ewu ti kọjá. Ní Bingham Canyon, kòtò bàbà ńlá ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí i pé ògiri ń sún, wọ́n sì ti kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò kó tó já lálẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2013. Nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ó tún já lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ńláńlá wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn kankan kò fara pa, torí kò sẹ́ni tó tíì padà wọlé.