Omi Ẹ̀gẹ́, Omi Sọ́kàwé àti Odò Tí À Ń Pọn
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń ṣe gààrí àti àwọn onílé ní abúlé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá gba ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ kọjá láàárọ̀, ẹ ó rí omi funfun tó ń kán lábẹ́ àpò tí wọ́n fi jáàkì tẹ̀. Ibi tó bá ṣàn gbà, koríko ibẹ̀ á ti jóná. Gààrí Ìjẹ̀bú kan nítorí pé à ń jẹ́ kó gbé ọjọ́ mélòó kan nínú àpò, omi tó sì ń jáde lára rẹ̀ kan jù ú lọ. Ó tún gbé májèlé inú ẹ̀gẹ́ dání, èyí tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì. Ó ń pa ẹja. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú.

Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sábẹ́ jáàkì kí ẹ fi wọn omi yín. Bó bá kún lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́, lítà 200 nìyẹn. Kó tó lè sinmi fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ nílò ihò tó gba lítà 1,000: mítà méjì ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, ààbọ̀ mítà ní jíjìn. Ẹ fi díẹ̀ lé jíjìn náà nítorí òjò, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ ẹ jìn bíi kàǹga, torí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń lé májèlé náà lọ. Ẹ fi amọ̀ tàbí simẹ́ńtì rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọgbà yí i ká nítorí ẹran àti ọmọdé.

Kí omi tó dé ihò yìí, ẹ jẹ́ kó sun àgbá mọ́jú. Sítáàṣì á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí àgbá. Ẹ bù ú, ẹ sá a, owó ni. (Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ya adìrẹ ẹlẹ́kọ.) Omi tó bá kúrò nínú ihò, ẹ darí rẹ̀ sí kòtò gígùn tí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí, tí ẹ gbin eèsún sí. Gbòǹgbò eèsún àti àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín tó ń gbé lára òkúta ló máa parí iṣẹ́ náà.

Ó ku ti ilé. Yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, omi kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ìyá kan fi sọ́kàwé rẹ̀ (ihò tí omi ilé ìgbẹ́ ń wọ̀ kí ilẹ̀ lè fà á mu) yangàn fún mi pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, kò kún rí. A ṣí i, a ti igi gígùn bọ̀ ọ́, omi tútù mímọ́ ló bá igi jáde: wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé ojú omi abẹ́ ilẹ̀, omi kan náà tí kàǹga ń fà. Kàǹga aládùúgbò rẹ̀ kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ síbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Ohun tí ìyá ń kó dànù lẹ́yìnkùlé ni aládùúgbò ń fi ṣe ọbẹ̀.

Nítorí náà, ṣáláńgá tàbí sọ́kàwé gbọ́dọ̀ fi mítà 30 jìnnà sí kàǹga, bí ogójì ìṣísẹ̀ àgbàlagbà. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà kan ààbọ̀ ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, ìgbà òjò ni kí ẹ sì wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá lágbára táǹkì ìgbẹ́ oníyàrá méjì (èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́pítíìkì), ẹ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n omi tó ń jáde nínú rẹ̀ kò tíì mọ́. Ẹ má jẹ́ kó wọ ihò jíjìn; kòtò tí kò jìn ni kí ẹ darí rẹ̀ sí, níbi tí ilẹ̀ ti lè sẹ́ ẹ. Ní ti omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fún un.

Ohun tí ilẹ̀ ò bá gbà, odò ló ń gbé e. Ọ̀ṣun gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá kó tó wọ ọ̀sà ní apá Ẹ̀pẹ́, ìdọ̀tí tí a ń dà sómi sì ni ajílẹ̀ fún koríko ojú omi tó dé ilẹ̀ wa ní 1984, tó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja.

Láti oṣù kẹfà tí òjò bá ti le, ẹ máa yẹ etí ihò ẹ̀gẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí akàn bá ti lu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.