Bí a ṣe ń ra ọkọ̀ ìdíje NASCAR (eré ìje ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà) tó ti fẹ̀yìn tì

Nọ́ńbà ara férémù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe orúkọ awakọ̀ tó wà lára ọkọ̀. Wọ́n máa ń pààrọ̀ bọ́dì àti ọ̀dà léraléra, nítorí náà àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ bèèrè ìwé tó so nọ́ńbà yẹn mọ́ ìdíje tí ọkọ̀ náà sá.

Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà láìsí ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣírò owó ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) mọ́ ọn kí ẹ tó nájà.

Fóòmù inú táńkì epo máa ń rún bó bá ti gbó, á sì dí ọ̀nà epo. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ àti bẹ́líìtì ìjókòó awakọ̀ kí ẹ tó wa ọkọ̀. Tírélà ni ẹ ó fi gbé e: wọn ò ṣe é fún títì.